Sítáńpù, Lẹ́tà àti Ẹni Tí Ó Kọ Ọ́: Ìtàn Ẹgbẹ́ Àwọn Akósítáńpùjọ ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí pé bí ọmọdé bá ṣe ń dàgbà ni eré rẹ̀ ń yí padà. Ọ̀kan a gba oko lọ, ọ̀kan a gba ìdálẹ̀ lọ, ikú a sì mú òmíràn lọ láìròtẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, àwọn eré kan wà tí ọjọ́ orí wọn ju ogún ọdún lọ, tí wọ́n ti di iṣẹ́, tí wọ́n ti di ìmọ̀, tí wọ́n sì ti gba oyè lọ́wọ́ ọba. Ọ̀kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni kíkó sítáńpù jọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1869, àwọn ènìyàn díẹ̀ tí eré yìí ti wọ̀ lẹ́wù dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ náà pé àádọ́jọ ọdún ní 2019, kò sì tíì túká. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo ìtàn rẹ̀ yóò rí bébà wẹ́wẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ inú ìwé. Ẹni tí ó bá fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ wò ó yóò rí ohun kan tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kó òwe, oríkì àti ìtàn jọ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Kí sítáńpù tó dé ayé, ẹni tí a kọ lẹ́tà sí ni ó máa ń san owó rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó, tí bébà lẹ́tà náà sì pọ̀ tó, ni owó rẹ̀ ṣe ń ga tó. Tálákà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀ lè fi ojú rí lẹ́tà ọmọ náà lọ́wọ́ afìwéránṣẹ́, kí ó má sì lè gbà á nítorí àìlówó. Ní 1837 ni Rowland Hill kọ ìwé pẹlẹbẹ kan láti fi tako àṣà yìí. Àbá rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ń fi ìwé ránṣẹ́ máa san owó ṣáájú, kí iye owó náà sì jẹ́ bákan náà, ì báà jẹ́ ọ̀nà tí ó jìn, ì báà jẹ́ èyí tí kò jìn. Ìjọba gbà á, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1840, sítáńpù àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bébà dúdú kékeré ni, kọ́bọ̀ kan ni owó rẹ̀, orí Ọbabìnrin Victoria ni ó sì wà lára rẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ ìlú kankan sí i, nítorí pé kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó ní irú rẹ̀ nígbà náà. Títí di òní, sítáńpù Ìlú Ọba kò ní orúkọ ìlú lára. Orí ẹni tí ó wà lórí oyè ni a fi ń dá a mọ̀.

Yorùbá kò dúró de sítáńpù kí wọ́n tó máa ránṣẹ́ sí ara wọn. Àrokò ni ìwé wọn. Ẹni tí ó bá so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì ti sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹẹ́fà ni òǹkà rẹ̀. Ẹni tí ó bá so mẹ́jọ ti wí pé àwọn méjèèjì jọ wà ní ìṣọ̀kan, nítorí pé ẹẹ́jọ ni òǹkà rẹ̀. Ohun kan wà nípa àrokò tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn kí ìtàn yìí tó tẹ̀ síwájú. Bí a bá tú owó ẹyọ mẹ́fà náà kúrò lára okùn, tí a dà á sínú àpò pẹ̀lú owó ẹyọ mìíràn, kò sí ọlọ́gbọ́n tí ó lè kà á mọ́. Owó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lọ. Ẹni tí ó rán an, ẹni tí a rán an sí, okùn tí a fi so ó àti ìgbà tí a rán an, gbogbo wọn ni wọ́n jọ di ọ̀rọ̀ náà mú.

Kò pẹ́ tí sítáńpù dé tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. John Edward Gray, onímọ̀ nípa ẹranko tí ó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum, sọ pé òun ra sítáńpù dúdú náà pa mọ́ ní 1840 gan-an tí ó kọ́kọ́ jáde. Ní 1862, òun àti Mount Brown wà lára àwọn tí ó tẹ ìwé jáde láti fi to orúkọ gbogbo sítáńpù tí wọ́n mọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn ọ̀dọ́ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ a máa pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ní òpópó tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Birchin Lane, láàrin àwọn ilé ìfowópamọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Wọn a kó sítáńpù wọn dání, wọn a máa ṣe pàṣípààrọ̀ bí ìgbà tí àwọn ọmọdé bá ń ta òkòtó. Nígbà tí èrò wá pọ̀ jù, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn. Báyìí ni ọjà náà ṣe tú.

Àwọn àgbà tí eré náà wù kò lè dúró sí ojú òpópó kí ọlọ́pàá máa lé wọn. Àlùfáà kan tí ń jẹ́ Francis Stainforth, tí ó ń ṣe àbójútó ìjọ All Hallows Staining ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé láti wo ohun tí olúkúlùkù rí kó jọ. Ọkùnrin yìí kì í ṣe akósítáńpùjọ nìkan. Ó tún kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí àwọn obìnrin kọ jọ, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà tí ó kú ní 1866, wọ́n lu àwọn ìwé náà ní gbàǹjo, wọ́n sì fọ́n káàkiri. Ṣùgbọ́n Stainforth ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn ìwé náà sínú àkọsílẹ̀ kan. Àkọsílẹ̀ náà ṣì wà títí di òní, òun sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń mọ ohun tí ó wà nínú ilé ìwé kan tí kò sí mọ́. Ohun tí a kó jọ lè túká, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ máà túká.

Ní 1864, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Georges Herpin fún eré náà ní orúkọ tí ó fi di ìmọ̀. Ó fa ọ̀rọ̀ méjì yọ nínú èdè Gíríìkì, ọ̀kan túmọ̀ sí ìfẹ́, èkejì túmọ̀ sí òmìnira kúrò lọ́wọ́ owó orí. Ó ní ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá gba lẹ́tà tí sítáńpù wà lára rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ owó sísan. Láti inú orúkọ yẹn ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti fa orúkọ ẹgbẹ́ wọn yọ ní 1869.

Sir Daniel Cooper ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ọkùnrin yìí ti jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rí ní New South Wales ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Charles Viner àti Frederick Philbrick, tí í ṣe amòfin, wà lára àwọn tí ó jókòó ti ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Kì í ṣe títà àti rírà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pàdé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹnì kan yóò mú sítáńpù ìlú kan wá, wọn yóò wo irú bébà tí wọ́n fi ṣe é, wọn yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀ láti wo àmì tí ó fara pamọ́ sínú bébà náà, wọn yóò ka ihò wẹ́wẹ́ etí rẹ̀, wọn yóò sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé àgbààgbà ń ṣe eré ọmọdé. Wọn kò dáhùn. Ní 1892, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tiwọn jáde, èyí tí wọ́n pè ní The London Philatelist, kí ohun tí ẹnì kan bá mọ̀ má baà bá a wọ sàréè.

Àwọn ènìyàn ń kú, ohun tí wọ́n sì kó jọ ń kọjá sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní 1878, Cooper ta àkójọ rẹ̀ fún Philbrick ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún pọ́n-ùn, èyíinì ni £3,000. Ní 1882, Philbrick ta tirẹ̀ fún ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú Paris, Philipp von Ferrary, ní £8,000. Ferrary kó sítáńpù jọ títí ó fi ní èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí àkójọ náà di ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìfìwéránṣẹ́ ní Berlin. Ṣùgbọ́n ó kú ní 1917, nígbà tí ogun wà láàrin Faransé àti Jámánì. Ìjọba Faransé gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ọ̀tá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ní gbàǹjo láti 1921. Ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Ti Thomas Tapling yàtọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni, ó sì tún jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó kú ní 1891 nígbà tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó fi àkójọ rẹ̀ sílẹ̀ fún British Museum, ó sì wà ní British Library lónìí, níbi tí ẹnikẹ́ni lè ti lọ ṣe ìwádìí nípa rẹ̀. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo sítáńpù tí ayé tẹ̀ láti 1840 títí di nǹkan bí 1890 ni ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ Ferrary kún ju ti Tapling lọ, ṣùgbọ́n ogún Tapling ni ó wà pa pọ̀. Kí àwọn tí ó ní kásẹ́ẹ̀tì ohùn àwọn arọ́kin àti àwọn asunrárà ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn ro ọ̀rọ̀ méjì yìí wò.

Bí owó ṣe ń wọ inú eré náà ni irọ́ ń tẹ̀ lé e. Àwọn ayédèrú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àwọn kan ń tẹ sítáńpù tí ìjọba kankan kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ha òǹtẹ̀ kúrò lára èyí tí a ti lò, tàbí kí wọ́n pa á láró kí àwọ̀ rẹ̀ lè jọ ti èyí tí ó ṣọ̀wọ́n. Ní 1894, ẹgbẹ́ náà yan ìgbìmọ̀ àwọn tí ojú wọn là, kí ẹni tí iyèméjì bá wà lọ́kàn rẹ̀ lè mú sítáńpù rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ yìí le, nítorí pé ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ni ó ń mú sítáńpù wá, ẹni tí ó sì fi owó púpọ̀ ra ayédèrú kì í fẹ́ gbọ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n láti ara iṣẹ́ yìí ni orúkọ ẹgbẹ́ náà ti kàn kárí ayé. Ìmọ̀ tí kò bá lè sọ pé èyí kì í ṣe òtítọ́ kò tíì di ìmọ̀.

Àwọn ọmọ ọba náà wọ inú eré yìí. Ní 1890, tí ó jẹ́ àádọ́ta ọdún tí sítáńpù dé ayé, ẹgbẹ́ náà ṣe àfihàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọbabìnrin, Alfred, ni ó ṣí i, ó sì fi hàn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, George, ń kó sítáńpù jọ pẹ̀lú. Ní 1896, George di ààrẹ ẹgbẹ́ náà, ó sì wà nípò yìí títí ó fi jọba ní 1910. Ní 1904, ó fi £1,450 ra sítáńpù kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ ní erékùṣù Mauritius ní 1847. Wọ́n ń sọ ọ́ pé ìránṣẹ́ ààfin kan bi í léèrè bóyá ó ti gbọ́ nípa òmùgọ̀ kan tí ó ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí bébà. George sì dá a lóhùn pé òun gan-an ni òmùgọ̀ náà. Ní 1906, bàbá rẹ̀, Ọba Edward Keje, fún ẹgbẹ́ náà ní àṣẹ láti máa jẹ́ Ẹgbẹ́ Ọba. Ní 1925, ẹgbẹ́ náà kó lọ sí ilé tirẹ̀ ní Devonshire Place. Ní 2019, wọ́n kó lọ sí Abchurch Lane, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì sì ni ó ṣí ilé náà. Ẹni tí ó bá mọ Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ìrìn díẹ̀ ni ó wà láàrin Abchurch Lane àti Birchin Lane, níbi tí ọlọ́pàá ti ń lé àwọn ọmọdé kiri. Eré tí wọ́n lé lójú òpópó ti kọ́ ilé sí ìtòsí òpópó náà.

Kí ni èyí kan Yorùbá? Ó kàn wọ́n láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1874. Ọjọ́ yẹn ni sítáńpù àkọ́kọ́ ti Èkó jáde. Mẹ́fà ni wọ́n: ti kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ méjì, tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́rin, sísì àti ṣílè kan. Ilé-iṣẹ́ De La Rue ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó tẹ̀ wọ́n, kì í ṣe ilẹ̀ Èkó. Orí Ọbabìnrin Victoria ni ó wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni Ọba Dòsùnmú ṣì wà láàyè ní Ìgà Ìdúnganran, ọdún kẹtàlá lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1861. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i pẹ̀lú kì í ṣe Èkó, Lagos ni. Ní 1893, nígbà tí wọ́n nílò sítáńpù olówó pọ́ọ́kú, wọ́n mú ti kọ́bọ̀ mẹ́rin, wọ́n sì tẹ ìlàjì kọ́bọ̀ lé e lórí. Ní 1906, wọ́n pa Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, sítáńpù tí ó ń jẹ́ Lagos sì dópin. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n péré ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí ó bá to sítáńpù wọ̀nyí àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹẹsẹ yóò rí ìtàn ìlú kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ní 1953, ère orí idẹ Ifẹ̀ fara hàn lórí sítáńpù sísì ti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n orí Ọbabìnrin Elizabeth ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1964, ọdún kan lẹ́yìn tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọbabìnrin mọ́, Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, bọ́ sórí sítáńpù. Láti orí àjèjì dé orí ọmọ Èkó, àádọ́rùn-ún ọdún ni. Bébà kékeré tí a ń fi itọ́ lẹ̀ mọ́ ìwé ni ó gbé gbogbo èyí.

Àwọn akósítáńpùjọ ilẹ̀ òkèèrè fi ara balẹ̀ kọ́ nípa sítáńpù Èkó ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gba lẹ́tà ní Èkó ń fi àpò ìwé náà dáná. Kò sí ìwà ọ̀daràn nínú èyí. Ẹni tí ó ra nǹkan tí onínǹkan jù nù kò jalè. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kan wà nínú rẹ̀, ìbànújẹ́ náà sì jinlẹ̀ ju pé àwọn àjèjì ni ó ni àkójọ náà lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé sítáńpù nìkan ni àwọn akósítáńpùjọ ìgbà ìjímìjí fẹ́. Nígbà tí lẹ́tà bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi, wọn a yọ sítáńpù, wọn a sì da ìyókù nù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi àlùmọ́gàjí gé etí sítáńpù náà kí ó lè bá àyè tí a là sílẹ̀ nínú ìwé àkójọ mu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń rò pé àwọn ń tọ́jú nǹkan. Ẹ̀yìn náà ni ojú wọn là. Wọ́n rí i pé òǹtẹ̀ tí ó wà lára àpò ìwé ni ó ń sọ ọjọ́ tí lẹ́tà kúrò nílé àti ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e. Pé orúkọ tí ó wà ní ojú ìwé ni ó ń sọ ẹni tí ó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Pé sítáńpù kan náà, bí ó bá wà lára lẹ́tà rẹ̀, ń sọ ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ó lè dá sọ lọ. Lónìí, àpò ìwé odindi ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú wọn ń wá kiri. Ní 1847, ẹnì kan láti Mauritius kọ lẹ́tà sí àwọn oníṣòwò ọtí wáìnì ní ìlú Bordeaux, ó sì lẹ oríṣi méjì nínú sítáńpù olókìkí erékùṣù náà mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n lu àpò ìwé náà ní gbàǹjo ní Zurich ní 1993, iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù márùn-ún owó ilẹ̀ Switzerland lọ. Bí ẹnì kan bá ti rẹ ẹ́ sínú omi ní ayé àtijọ́, sítáńpù méjì lásán ni ìbá kù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí lẹ́tà lè ṣe fún ìtàn nítòsí ilé. Ní ìlú Wídà, Pierre Verger rí ẹ̀dà àwọn lẹ́tà tí José Francisco dos Santos, oníṣòwò ẹrú àti epo pupa, kọ láàrin 1844 sí 1871, tí púpọ̀ nínú wọn lọ sí Bahia. Ó tẹ̀ wọ́n jáde ní 1952. Lára irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí okùn tí ó so etíkun yìí mọ́ Brazil, àti bí òwò burúkú náà ṣe ń lọ ní ìkọ̀kọ̀. Sítáńpù kì bá tí sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ìhín gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò. Òwe ni sítáńpù. Lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ tí a pa á sí. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1852 ni òwe Yorùbá ti ń wọ inú ìwé, ìwé òwe sì ti pọ̀ jọjọ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, a ti rẹ òwe náà sínú omi. A kò mọ ẹni tí ó pa á, a kò mọ ẹni tí ó pa á fún, a kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó pa á, a kò sì mọ èsì tí wọ́n fún un. Òwe wà lójú ìwé, ìtumọ̀ kan wà níwájú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a há méjèèjì sórí, ó parí.

Ṣé ìtumọ̀ kan náà ni òwe máa ń ní níbi gbogbo? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá pa á fún àgbàlagbà tí ó ti bá ilé kan tí ń jà parí ìjà, ìyìn ni. Bí a bá pa á fún àgbàlagbà tí ó dákẹ́ nígbà tí ohun gbogbo ń bàjẹ́ lójú rẹ̀, èébú tí a fi aṣọ wé ni. Bí ọmọdé bá pa á lójú àgbà láìtọrọ àṣẹ, tí kò sì fi tó-tó ṣe bí òwe kún un, àfojúdi ni. Òwe kan ni, ọ̀nà mẹ́ta ni. Ẹni tí ó kọ́ ìtumọ̀ kan ṣoṣo mọ iye owó sítáńpù ni, kò mọ ohun tí lẹ́tà wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì: bí a bá gé e kúrò lẹ́nu ìyá arúgbó tí ó ń fi í kí ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí a tò ó sínú ìwé ní ìlà ìlà, ẹwà rẹ̀ kò lọ tán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín ti sọnù nínú rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ti rí ọ̀nà. Nígbà tí Wándé Abímbọ́lá tẹ àwọn ẹsẹ Ifá tí ó gbà sílẹ̀ jáde, ó dárúkọ àwọn babaláwo tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ohun tí ó ṣe nìyẹn: ó fi sítáńpù sílẹ̀ lára lẹ́tà. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò ní ìran tí ń bọ̀ yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí sì jọ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1894, nítorí pé ayédèrú òwe àti ayédèrú ìtàn ń bẹ láàrin ìgboro gẹ́gẹ́ bí ayédèrú sítáńpù. Àwọn kan jẹ́ òwe tí a túmọ̀ láti inú èdè mìíràn tí a wọ agbádá Yorùbá fún. Bí kò bá sí orúkọ ẹni tí ó pa á àti ìlú tí a ti gbọ́ ọ, kí ni a ó fi mọ̀ ọ́n?

Iṣẹ́ tí èyí ń béèrè kò wọ́n. Kíláàsì kan tí ó ní ọgbọ̀n ọmọ lè ṣe é láàrin táàmù kan. Kí olúkúlùkù ọmọ gba òwe márùn-ún péré lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ̀, kì í ṣe nípa bíbéèrè pé kí wọ́n máa ka òwe fún òun, bí kò ṣe nípa títẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an: òwe náà, ẹni tí ó pa á, ìlú rẹ̀, ẹni tí ó pa á fún, ọ̀rọ̀ tí ó fa òwe náà, àti èsì tí ó tẹ̀ lé e. Àádọ́jọ òwe ni kíláàsì náà yóò ní, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀. Kí a kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé-ìwé, kí èkejì wà ní ibòmíràn, nítorí iná àti òjò kì í sọ tẹ́lẹ̀. Kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí yóò máa sọ ohun tí ó wà nínú àkójọ náà, gẹ́gẹ́ bí ti Stainforth, kí ó lè jẹ́rìí bí àkójọ náà bá tilẹ̀ túká.

Àwọn àgbà tí ń pa òwe láìwo ìwé kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́, kò sì sí gbàǹjo tí a ti lè ra ohùn wọn padà bí wọ́n bá lọ. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ ṣí lọ sí ìdálẹ̀ yóò gbọ́ ìtùnú. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tí ń bá ọmọ rẹ̀ wí yóò gbọ́ ìkìlọ̀ pé kí ó ronú nípa ọ̀la. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìwé ìròyìn, ìwé ẹ̀rí àti ilé dá a lóhùn láti 1869. Èsì tí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn yóò fún un ni ó kù.